Kọ́kọ́rọ́ Yàrá Kẹrìndínlógún

Ìpàdé mẹ́rin la ṣe nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun.
Ọ̀gbẹ́ni Ọlátìnwọ́ bu omi mu, ó fa ìlà sára pátákó:
Ọjọ́ Ajé, kí àwọn ará ọ̀nà jíjìn kọ́kọ́ dé,
ará Káyàmà, ará Òkúta, ará Pàtẹ́gí létí odò.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí ará Ìlọrin àti Ọ̀fà tó tẹ̀lé e.
Ọjọ́rú, kí gbogbo wọn jókòó sí gbọ̀ngán,
kí ọ̀gá kí wọn káàbọ̀, kí nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ nípa ibà,
kí ẹnì kan sì là wọ́n lóye
pé iná kì í pẹ́ kó tó lọ, dídé ló máa ń pẹ́.

Ó gún régé lára pátákó.
Èmi tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi, n ò sọ̀rọ̀.
Ọdún kọkànlélógún rèé tí mo ti ń ṣílẹ̀kùn fọ́mọ ọlọ́mọ ní Òmù-Àrán.

Mo gbálé. Mo ka ibùsùn, ọgọ́rin ó lé mẹ́rin,
mẹ́ta ò lẹ́sẹ̀, mo fi bíríkì gbé wọn ró.
Ayélàágbé káfíńtà ṣèlérí fèrèsé mẹ́fà,
ó gbé méjì wá, ó ní igi ò tíì gbẹ.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú, bí wọ́n ti ń kírun Mọ̀ngàríbì tán,
ọ̀kadà kan dúró lẹ́nu géètì nínú òjò.
Bàbá kan sọ̀ kalẹ̀, ọmọbìnrin kan sọ̀ kalẹ̀,
tìmùtìmù tí wọ́n ká bí ẹní, tí wọ́n fọ̀rá wé,
àpò ìrẹsì kan,
àti ẹja gbígbẹ tó kí mi kí àwọn fúnra wọn tó kí mi.

Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí ìwé. Hàbíbátù Ndàgí: Ọjọ́ Ajé.
Mo ní, "Bàbá, ó ku ọjọ́ mẹ́ta."
Ó fi Yorùbá tí Tápà lú mọ́ dá mi lóhùn
pé odò ń kún, ìrẹsì òun wà lójú omi,
bóun bá padà sílé, òun ò ní lè jáde mọ́.
Ó ní, ẹni tó tètè dé, ṣé ó jẹ̀bi ni?

Ọ̀dà ara ògiri yàrá kẹrìndínlógún kò tíì gbẹ.
Òfin ní kí n ti géètì. Òjò ní kí n ṣí i.
Mo tẹ́ ẹní fún un nínú ọ́fíìsì mi,
láàárín ìgbálẹ̀ àti gálọ́ọ̀nù.
Bàbá rẹ̀ gun ọ̀kadà lọ, kò bojú wẹ̀yìn
àfìgbà tó dé ìdí igi máńgòrò.

Lóru mo gbọ́ ẹkún rẹ̀, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́,
bí ẹni tí kò fẹ́ jí onílé.
Mo díbọ́n pé mo ti sùn.
Ìyẹn ò sí lára pátákó.

Ilẹ̀ mọ́, ó ní níbo lomi wà.
Mo mú un dé kànga. Ó ń fa okùn, okùn ò tán,
ó ní, "Mama, nílé wa omi ló ń wá èèyàn kiri."
Ìgbà tó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín nìyẹn.
Ó bá mi lẹ orúkọ mọ́ ilẹ̀kùn,
òun ló sì rí i pé kọ́kọ́rọ́ yàrá kẹsàn-án ló ń ṣí ìkejìlá,
èyí tí mo ti ń wá láti Kérésì.

Ọjọ́ Ajé, mọ́tò dé, bọ́kẹ́ẹ̀tì dé, àwọn ìyá ń sunkún ju ọmọ lọ.
Ará Ìlọrin kò dúró de Ìṣẹ́gun.
Lọ́jọ́rú, iná lọ kí ọ̀gá tó kí wọn káàbọ̀ tán.
Ṣùgbọ́n mo rí Hàbíbátù nídìí kànga, okùn lọ́wọ́,
ọmọ Òmù-Àrán gan-an ló ń bi í
pé níbo ni wọ́n ti ń pọnmi níbí.
"Tẹ̀ lé mi," ó ní.

Ọ̀gbẹ́ni Ọlátìnwọ́ ń nu pátákó. Ó ní ètò náà yọrí.
N ò sọ̀rọ̀.
Ìrẹsì Pàtẹ́gí wà nínú atẹ lórí itan mi,
mo ń ṣa òkúta.