Èwo Nínú Méjèèjì

Ẹ̀rọ ìránṣọ ni Bísíríyù jí gbé ní Láfíàjì,
dúdú, tí wọ́n fi àwọ̀ wúrà ya òdòdó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́,
ogún kan ṣoṣo tí Ìyá Adélékan gbà lọ́wọ́ ìyá tirẹ̀.
Ó ti jẹ́wọ́. Ó ku ìdájọ́.

Lọ́yà dìde, ó tún kọ́là ṣe,
ó sọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó gùn bí ọ̀nà Ẹ̀pẹ́.
Adájọ́ wò mí: "Ògbufọ̀, túmọ̀ rẹ̀ fún un."

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń ṣe ògbufọ̀ ní Ìgbóṣẹ̀rẹ̀.
Mo mọ ẹ̀wọ̀n, mo mọ owó ìtanràn,
mo mọ bí a ṣe ń sọ "o jẹ̀bi" kí ohùn má gbọ̀n.
Èyí há mi lọ́fun bí eegun ṣáwá.
Ìdínkù? Ti iye owó gaàrí nìyẹn.
Ìdáríjì? Irọ́ ni.
Ẹnikẹ́ni ò tíì dárí ji ẹnikẹ́ni.

Mo wá rántí ilé wa ní Fájì:
omi gbígbóná dà sí mi lẹ́sẹ̀,
ìyá àgbà bu òrí, ó fi àtẹ́lẹwọ́ yọ́ ọ,
ó ní, "Ẹ̀rọ̀. Ẹ̀rọ̀ ni o."
Kò sọ pé kò jó mi.
Àpá náà ṣì wà lábẹ́ ìbọ̀sẹ̀ mi báyìí.

Inú rọ̀ ni ẹ̀rọ̀ ti wá:
bí awọ ṣe ń rọ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta nínú omi,
bí a ṣe ń rọ ọmọ tó ń bínú kó jẹun.
Ohun tó le nìkan ló nílò rẹ̀.

Mo ní, "Bísíríyù, ó ń bá ọ tọrọ ẹ̀rọ̀."
Ọmọ náà gbójú sókè, ẹ̀rù bà á:
"Ẹ̀rọ kẹ̀? Mo ti tà á, sà."

Ilé ẹjọ́ bú sẹ́rìn-ín. Adájọ́ pàápàá fi ìwé bojú.
Àmì kan ṣoṣo lórí ọ.
Bẹ́ẹ̀ wọn kò kúkú jìnnà síra:
alágbẹ̀dẹ tó fẹ́ rọ irin,
iná ló máa kọ́kọ́ fi mú un rọ̀.

Ọdún mẹ́ta di oṣù mẹ́sàn-án.

Ìyá Adélékan nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.
Ó dè mí lẹ́nu ọ̀nà, tépù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀:
"Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n sọ,
ta ni yóò bá mi tọrọ tèmi?"

N kò bi í léèrè èwo.