Ejò Morádékẹ́

Ní Wínípẹ̀gì, yìnyín ti dé àárín fèrèsé,
ọmọ mi ní kí n tẹ́ àtẹ́lẹwọ́.
"Ẹ má ti òkè wá, Bàámi. Àṣá ló máa ń ti òkè wá.
Ẹ gbà á lábẹ́, bí ẹni gbé ọmọ tuntun."

Ọwọ́ yìí kan náà ló di àdá mú
lóko Ìgbájọ, níbi tí a kì í bèèrè orúkọ ejò
kí a tó bẹ́ ẹ lórí.

Èyí pọ́n bí epo, ó lámì bí àgbàdo tó jóná lẹ́gbẹ̀ẹ́.
Ó gbọn ìrù díẹ̀. Èmi náà gbọ̀n.
Ó wá rọra yí ọrùn ọwọ́ mi ká,
ó wá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń lù, ó gbórí lé e.

"Ṣé ó ti mọ̀ mí ni?"
"Rárá o. Ara yín ló móoru."

Bí ojú rẹ̀ bá funfun bí omidùn, a kì í fọwọ́ kàn án,
awọ ló fẹ́ bọ́.
Àìrìnpọ̀ ejò, wọ́n ní, ló ń jẹ ejò níyà;
Morádékẹ́ ní irọ́ ni, òun nìkan ló tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Mo pẹ́ débi iṣẹ́ alẹ́. N kò sọ ìdí.
Nínú bọ́ọ̀sì, lábẹ́ ìbọ̀wọ́,
mo ṣì ń ka ìṣísẹ̀ ẹni tí kò lẹ́sẹ̀.