Fèrè Aago Mẹ́fà

Ní Ògìjó, a kì í wo aago.
Fèrè iléeṣẹ́ irin ló ń jí wa,
òun ló ń sọ fún Ẹfúnyẹlá pé
kó sọ ìrẹsì kalẹ̀ lẹ́nu géètì.

Lọ́jọ́ tí rédíò dárúkọ àrùn náà
mo ti wọ bàtà onírin mi.
Ọ̀gá ní ká lọ jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì.
Ọ̀sẹ̀ méjì! Ó di oṣù mẹ́rin.

Iná ìléru tí n kò rí kó kú rí, ó kú.
Irin inú rẹ̀ dì bí ẹ̀kọ àná.
Koríko hù lójú ọ̀nà tírélà.
Èéfín lọ. Mo rí ìràwọ̀ lókè Ògìjó
fún ìgbà àkọ́kọ́,
mo sì kórìíra wọn.

Mo ta kẹ̀kẹ́ mi fún ará Ṣàgámù kan.
Iye tó wù ú ló san;
ó mọ̀ pé mi ò lè kọ̀.

Ẹfúnyẹlá gbé ìwé gbèsè rẹ̀ kiri,
orúkọ ogójì èèyàn,
gbogbo wa fi ìbòmú bojú,
kò dá ẹnì kan mọ̀.
Àbí ó mọ̀ wá, ó kàn fojú fò wá ni?

Lóṣù Agẹmọ, fèrè tún fọn.
Igba èèyàn la sáré dé géètì.
Ọgọ́ta orúkọ ni wọ́n pè.
Odùfúwà mégádì ò lè wo ojú mi
bó ṣe ń ti ilẹ̀kùn.

Títí dòní, láago mẹ́fà,
fèrè ṣì ń jí mi.
Mo máa ń di okùn bàtà ẹsẹ̀ kan tán
kí n tó rántí.