Ta Ló Kàn?

Kọ́ọ̀pù kan ṣoṣo la ní nílé-ìwé wa l'Ébùté-Mẹ́ta,
kọ́ọ̀pù irin, ẹnu rẹ̀ ti ṣán,
wọ́n fi ṣéènì dè é mọ́ ẹsẹ̀ tánkì
bí ajá tí wọn ò fọkàn tán.
Gbogbo wa là ń fi mumi:
ọmọ káfíńtà, ọmọ pásítọ̀,
ọmọ Àlàájì tó nílé mẹ́rin lẹ́yìn ilé-ẹjọ́.
Itọ́ èyí, ikọ́ tọ̀hún,
a ò bèèrè.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan
Rìdíwáánù yọ ìwé kékeré kan nínú báàgì Mófẹ̀yíntolú.
N ò ka ìwé náà. Títí dòní n ò mọ ohun tó wà níbẹ̀,
àfi pé orúkọ ọmọkùnrin kan ló fi bẹ̀rẹ̀.
Kí réluwéè ọ̀sán tó fọn fèrè,
ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ kíláàsì kìíní.
Kí fèrè náà tó dákẹ́,
wọ́n ti ń pè é ní Àńtí.

Láti ọjọ́ yẹn, bí Mófẹ̀ bá mumi tán,
wọ́n á bu iyanrìn, wọ́n á fi fọ kọ́ọ̀pù,
wọ́n á máa kà á sókè: ení, èjì, ẹ̀ta,
òun náà á sì dúró,
á máa wo bàtà ara rẹ̀ títí wọ́n á fi kà á tán.

Ẹ bi wá nígbà náà, ẹ ó gbọ́ èsì.
Adéṣínà ní eré ni,
òun tó fi kọ́ńpáàsì họ Àńtí sára tábìlì, tó họ ọ́ jinlẹ̀.
Ìfẹ́olúwapọ̀ ní òun ń gbàdúrà fún un lálaalẹ́,
ó gbé àga rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.
Ẹlòmíì ní, "Kí ló kàn mí? Ìdánwò ló wà níwájú mi."
Tíṣà Àdìgún gbọ́ ariwo,
ó kọjú sí bọ́ọ̀dù,
ó tún ọjọ́ òní kọ, lórí èyí tó ti kọ tẹ́lẹ̀.

Èmi ńkọ́?
Mo rẹ́rìn-ín.
Mo rẹ́rìn-ín ju Rìdíwáánù fúnra rẹ̀ lọ,
torí ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín, wọn kì í wo ojú rẹ̀ fínnífínní,
báàgì tèmi náà kò sì ṣófo.
Pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé, mo rí i lájà.
Mo kàn ń bá wọn ka ẹgba ni,
kí kíkà má baà dé orí mi.

Bàsírátù kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀.
Mófẹ̀ tilẹ̀ jẹ ẹ́ ní bírò kan, ó sì ń bá a jà sí i.
Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí oòrùn ń sun páànù,
ó gba kọ́ọ̀pù lọ́wọ́ rẹ̀, omi díẹ̀ ṣì kù nísàlẹ̀.
Kò dà á nù.
Kò wo iyanrìn.
Ó gbé e mu, ó pọn sí i, ó tún mu,
ó fẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu, ó tún híjáàbù rẹ̀ ṣe:
"Òǹgbẹ ń gbẹ èèyàn. Ta ló kàn?"

Ariwo ò sọ. Ayé ò yí padà.
Wọ́n ṣì pè é ní Àńtí lọ́la ọjọ́ náà,
àmọ́ ọwọ́ ẹni tó ń bu iyanrìn bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo;
nígbà tó yá, kíkà náà ò kọjá ení.
Nígbà tó fi máa parí pátápátá,
ìyá Mófẹ̀ ti wá kó ìwé rẹ̀ sínú ọ̀rá dúdú,
wọ́n ní Ìkòròdú ni wọ́n kó lọ.

Mo ti mu omi tútù lọ́pọ̀lọpọ̀ láti ìgbà náà,
nínú ife dígí, nínú ike, nínú ilé olówó.
Bí mo bá gbọ́ fèrè réluwéè, ọ̀fun mi á tún gbẹ.
Bàsírátù bèèrè pé ta ló kàn.
Èmi ni.
Èmi ni mo wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí ìlà,
ó na kọ́ọ̀pù sí mi,
mo ní mi ò mu mọ́.