Ẹyọ Mọ́kànlá

Òkè pupa tó wà lẹ́bàá Trout River
kò gba koríko, kò gba igi.
Abẹ́ ibi tí òkun fìdí lé ló ti wá,
ó gòkè sí Newfoundland láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é,
ó ń pọ́n síbẹ̀ bí irin tí wọ́n gbàgbé síta.

Leander Hounsell ló wakọ̀ gbé mi débẹ̀.
Ó ní àgùntàn bàbá òun kò rí nǹkan jẹ lórí rẹ̀ rí, àfi atẹ́gùn.
Atẹ́gùn ọ̀hún já fìlà mi gbà, ó gbé e lọ sódò.
N kò lé e. Òòlù wà lọ́wọ́ mi.
Ogójì kílò òkúta la dì sínú àpò mẹ́rin;
ẹ̀yìn mi kò gbàgbé wọn fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ní St. John's, a fọ́ ọ, a lọ̀ ọ́, a kù ú,
a fi omi ṣàn án bí ẹni ń yọ òkúta inú ìrẹsì,
èyí tó fúyẹ́ bá omi lọ.
Òòfà fa tirẹ̀.
Nínú ogójì kílò, ohun tó kù
jẹ́ ẹyọ sákọ́nì mọ́kànlá.
Èyí tó tóbi jù kò tó orí abẹ́rẹ́.

Sákọ́nì kì í ṣọmọ irú ilé yìí.
Òkúta tó ti abẹ́ ayé wá kò ní ohun tí a fi ń bí i.
Ẹni tó bá bá a níbẹ̀ ní láti bèèrè:
ta ló mú ọ wọlé? Ìgbà wo lo dé?
Ṣé òkúta yíyọ́ kan ló gbé ọ gba ojú sísán kọjá,
àbí ilẹ̀ àtijọ́ kan ló rì, tó gbé ọ dání?
Àbí ẹ̀rọ ìlọta ni kò mọ́,
tó jẹ́ erùpẹ̀ iṣẹ́ àná ni ọ́?
Leander fọ ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ó búra.

Lọ́jọ́ tí sákọ́nì ń dì, ó gba yùréníọ̀mù mọ́ra,
ó tìlẹ̀kùn mọ́ òjé.
Òjé tí a bá bá nínú rẹ̀, kò gba ẹnu ọ̀nà wọlé,
inú ilé ni wọ́n bí i sí,
yùréníọ̀mù tó ń kú díẹ̀díẹ̀ ló bí i.
Òjé tó bọ́ sọ́wọ́ olóòṣà, kò ṣeé bọ́.
A ka ìyá, a ka ọmọ, a ṣírò.

Ìyá mi pè láti Ìkìrun.
"Ọjọ́ orí òkúta? Tèmi tí mo bí ọ ńkọ́, ṣé o ti rí i kà?"
Ọdún tí eṣú jẹ àgbàdo ni wọ́n bí i.
Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní rárá o,
ọdún tí ọkọ̀ ojú irin pa màlúù mẹ́ta ni.
Akọ̀wé kóòtù wò ó lójú títí,
ó kọ ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù kìn-ín-ní.
Lọ́dọọdún ni mo ń kí i lọ́jọ́ náà,
tí àwa méjèèjì á sì máa rẹ́rìn-ín.

Aago méjì òru. Lésà ń gbẹ́ ihò wẹ́wẹ́.
Mẹ́jọ sọ ohun kan náà:
ọ̀rìnlénírinwó mílíọ̀nù ọdún, ó lé díẹ̀.
Méjì kò sọ nǹkan tó yé mi, òjé wọn ti jò lọ nínú ooru kan.
(Òwe náà kò pé. Òjé a máa bọ́.)
Ó ku ẹyọ kan, ara rẹ̀ yíká bí òkúta odò.
Èèpo rẹ̀ bá àwọn yòókù ṣe ẹgbẹ́,
àmọ́ inú rẹ̀ lé ní bílíọ̀nù kan.
Ọmọ tó dàgbà ju ẹni tó pọ̀n ọ́n lọ.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Thibodeau ní erùpẹ̀ àná ni, kí n yọ ọ́.
Leander kò bá a sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.
Èmi rò pé ilẹ̀ tó rì ni.
N kò mọ̀.
Mo kọ méjèèjì sílẹ̀, mo fi àmì ìbéèrè sí tèmi.

Lọ́jọ́ Ajé, a ó padà lọ gbé ogójì kílò mìíràn.
Mo ní láti kọ́kọ́ ra fìlà.