Ọ̀nà Àbọ̀

Hallfríður pè mí ní aago mẹ́wàá alẹ́.
Oṣù karùn-ún ni, síbẹ̀ yìnyín ń bọ́ bí ìyẹ̀fun láti inú asẹ́.
"Mi ò rí àwọn àgùntàn mi," ó ní.
"Wọ́n wà nínú ilé tiwọn, mo wà nínú tèmi,
igba ìṣísẹ̀ péré ló wà láàárín wa,
fóònù mi sì ń sọ pé kò sẹ́nì kankan níbẹ̀."

Mo wakọ̀ gba etí òkun Húnaflói.
Mo bá a nídìí ààrò, ó na ẹsẹ̀ sórí àpótí,
orúnkún rẹ̀ wú bí búrẹ́dì,
bàtà òjò rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wá.

Ẹ̀rọ kan wà nínú ilé, òmíràn wà nílé ẹran.
Steinþór ọkọ rẹ̀ ló fi wáyà so wọ́n pọ̀,
kó tó kú nígbà ìkórè koríko.
Nọ́ńbà ti ilé ní ọ̀kan láàárín,
ti ilé ẹran ní méjì.
Ẹyọ nọ́ńbà kan!
Ó tó láti sọ ará ilé di àlejò.

Mo kan ilẹ̀kùn ẹ̀rọ ilé, ó dáhùn.
Mo kan ti ilé ẹran, òun náà dáhùn.
Mo kan ti kámẹ́rà.
Mo tún kàn án. Mo kà dé ogún.

Ẹni tí kò dáhùn, ṣé dandan ni pé kò gbọ́?
Mo fi kọ̀ǹpútà há abíyá, mo wọ inú yìnyín,
mo jókòó sórí koríko gbígbẹ,
àgùntàn kan ń rún etí aṣọ mi,
mo sì rí i: ìpè wa ń dé.
Gbogbo rẹ̀ pátá. Kámẹ́rà ń gbọ́, ó ń jẹ́ "hóò",
àmọ́ ẹnubodè tí wọ́n júwe fún un
ni ti ẹ̀rọ àtijọ́ tí omi bà jẹ́ lọ́dún tó kọjá.
Gbogbo èsì rẹ̀, ọ̀dọ̀ òkú ló ń kó wọn lọ.

Lábẹ́ ẹ̀rọ tuntun, bébà kan lẹ̀ mọ́ ọn,
ìkọ̀wé Steinþór, pẹ́ńsù:
*Yí ẹnubodè kámẹ́rà padà. Lọ́la.*

Mo yí i padà.

Síbẹ̀ fóònù ìyá kò rí nǹkan kan.
Ó ń ké láti yàrá, "Ta ló wà níbẹ̀ o?"
irú igbe bẹ́ẹ̀ kì í kọjá ògiri ẹ̀rọ.
Mo ní kó yéé kígbe, kó pe ẹni tó ń wá ní nọ́ńbà rẹ̀.
Mo kọ ọ́ sẹ́yìn páálí mílíìkì;
ó fi ìka kan tẹ̀ ẹ́, ó ń ka àmì tóótòòtó inú rẹ̀ sókè.

Àwòrán dé, ó ṣú díẹ̀.
Abo kan dùbúlẹ̀, ẹsẹ̀ kékeré méjì ti yọ lẹ́yìn rẹ̀.
"Ìyẹn, elétí dúdú yẹn," ni Hallfríður wí,
"òun ló máa ń bu oúnjẹ tirẹ̀ fún."
Ó na ọwọ́ sí bàtà òjò.
"Orúnkún ńkọ́?" mo bi í.
Ó ti ṣílẹ̀kùn.