Àwo Abẹ́ Fọ́ìlì

Ìgbà méjì péré ni mo kó wá láti Ìkìrun:
òjò, ẹ̀ẹ̀rùn,
ọyẹ́ díẹ̀ láàárín wọn, bí iyọ̀ nínú ọbẹ̀.
Mẹ́rin ni mo bá ní Hull.
Mo ní kí n kọ ìtàn kékeré kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan,
ojú ewé méjì, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ,
kí n lè mọ ìtàn sọ.

Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe, níbi tí a ti ń di bísíkíìtì sínú páálí.
Aago mẹ́fà ìdájí ni mò ń jókòó ti ife tíì,
bàtà iṣẹ́ ṣì wà lẹ́sẹ̀,
tí mò ń bá ọgbọ́n àtọwọ́dá sọ̀rọ̀ lórí fóònù
bí ẹni ń gba àlejò tí kò ní orúnkún:
kò jókòó, kò dìde, kò ní kí n bu omi wá.

Oṣù kẹwàá. Mo ní: kọ ìtàn ìgbà tí ewé ń wọ́.
Kí n tó mí èémí kan, ó ti parí.
Ewé wúrà. Bàbá arúgbó kan lórí bẹ́ńṣì.
Afẹ́fẹ́ tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.
Ìtàn náà tàn, ó tàn yanran,
ó kù díẹ̀ kó tàn mí.
Mo tún un kà. Bàbá náà kò lórúkọ.
Bẹ́ńṣì náà kò tutù.
Ní Beverley Road, ewé kì í ṣe wúrà lẹ́yìn òjò;
ó ń lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà bí ìwé gbèsè,
ó bá mi wọ bọ́ọ̀sì, kò san owó.
Mo kọ ìyẹn sílẹ̀.
Gbólóhùn kan ṣoṣo ní ọ̀sẹ̀ méjì,
èmi tí ẹnu mi kì í dákẹ́ nílé.

Oṣù kejìlá, mo ní kó kọ ti Kérésì.
Gbogbo ẹbí jà láàárọ̀;
kó tó di ìrọ̀lẹ́ wọ́n ti dárí ji ara wọn, yìnyín sì bọ́.
Mo rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò láàbúrò rí ló lè rò bẹ́ẹ̀.

Mo wá kọ tèmi, ti Doreen, ará ilé kejì:
ó fi fọ́ìlì bo àwo ọmọ rẹ̀ ọkùnrin,
tòlótòló, ànàmọ́ sísun, kárọ́ọ̀tì tó ti ń rọ.
Ọmọ kò dé lọ́jọ́ náà, kò dé lọ́jọ́ kejì.
Mo fi han ẹ̀rọ náà. Mo ní: má tún un kọ.
Bi mí ní ìbéèrè ni.
Ó ní: “Kí ló dé tí kò da oúnjẹ náà nù?”

Mi ò lè dáhùn.
Mo dìde, mo bọ́ bàtà.
Ìyá mi ló wá sí mi lọ́kàn, lọ́dún tí bàbá mi lọ sí Àbíjáǹ,
bó ṣe ń gbé ọbẹ̀ kaná lálaalẹ́ kó má baà kan,
ọbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọdọ̀ tọ́ wò.
Ẹni tó bá da oúnjẹ nù ti gbà pé olóúnjẹ kò bọ̀ mọ́.
Ẹ̀rọ kò mọ ìyẹn.
Èmi náà kò mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n
títí ó fi bi mí.

Ìgbà ìrúwé kò so èso kankan.
Mo bẹ̀rẹ̀ ọ̀kan, òdòdó aláwọ̀ ìyeyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ike ìdọ̀tí;
ó kú sí ìlà kẹrin. Ó ṣì wà níbẹ̀.

Oṣù kẹfà, aago mẹ́sàn-án alẹ́, oòrùn ṣì ń yọjú ní fèrèsé.
Ìbídùnní ọmọ mi kọ oorun:
ta ló ń sùn nígbà tí ilẹ̀ ò tíì ṣú?
Mo da ojú fóònù bolẹ̀. Ẹnu lásán ni mo fi bẹ̀rẹ̀:
ewé kan wà tó wọ bọ́ọ̀sì, kò san owó.
“Kí ni awakọ̀ sọ?”
Mi ò tíì mọ̀. Mo ní awakọ̀ dákẹ́, ó ń wo dígí.
“Ṣé ewé náà ní ìyá?”
Ó ní. Ìyá rẹ̀ gbé oúnjẹ pamọ́ dè é, ó fi nǹkan bò ó.
Ó yọ ọwọ́ jáde lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì,
ó di etí ẹ̀wù iṣẹ́ mi mú:
“Má tíì lọ. Ṣé oúnjẹ náà ti tutù?”